Ọlọ́pàá ti dá ọmọ mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan. Ta ni mo lè ké sí?

Ìyá Fèyí

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 15 nínú oṣù Kejì. Láti ìgbà tó ti ga jù mí lọ ni wàhálà ti dé. Lóṣù yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọlọ́pàá ti dá a dúró nígbà tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n ní òórùn igbó ń jáde lára rẹ̀. Igbó kẹ̀! Ọmọ tó máa ń sá jáde nílé bí mo bá ti ń dín ata. Wọn ò rí nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó méjì tí wọ́n jọ ń rìn, wọ́n ní kí àwọn yẹn máa lọ.

Lánàá ó wọlé, kò jẹun, ó lọ sùn. Mo wọlé tọ̀ ọ́, ó ní, "Mọ̀mí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àpò tí wọ́n tú lọ. Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀ wà, èmi nìkan ni mo wà ńbí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. A ò gbé ní Lọ́ńdọ̀nù o, ìlú kékeré kan ni, a ò pọ̀ níbẹ̀. Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé lọ́yà ni, àbí kí n kàn lọ bá wọn ní àgọ́ wọn? Mi ò lówó lọ́yà.

Bọ̀dá Peckham

Àǹtí, ẹ kú ìdààmú. Kí ẹ tó lọ síbikíbi, ẹ mú ìwé àti bírò lálẹ́ òní. Ọjọ́ wo, aago mélòó, òpópónà wo, kí ni wọ́n sọ, nọ́ńbà tó wà léjìká ọlọ́pàá bí ọmọ bá rántí, ta ló wà níbẹ̀. Kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ má ràn án lọ́wọ́ sọ ọ́. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì yẹn ṣe pàtàkì, torí wọ́n rí i pé òun nìkan ni wọ́n mú láàárín mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé àkọsílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọlọ́pàá bá tú èèyàn lára ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ sì ní láti gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ń kọ ìdí tí wọ́n fi dá a dúró sí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń kọ orin òórùn igbó kan náà, tí wọn ò sì rí igbó rí, ẹjọ́ yín ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Kámẹ́rà àyà wọn ńkọ́? Ìyẹn ò gbọdọ̀ pẹ́ rárá. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, fídíò tí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, ọjọ́ 31 ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ẹ ṣe bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ tiyín. Ẹ kọ ímeèlì sí wọn pé ẹ fẹ́ gbogbo nǹkan tí wọ́n ní lọ́wọ́ nípa ọmọ yín, àti fídíò. Subject access request ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ọmọ ọdún 15 ti tó buwọ́ lùwé fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó buwọ́ lù ú.

Alàgbà Luton

Ẹ kú ìsapá. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti wà nílùú yìí láti 1979, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé onílé la wà. Ìjọba kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ yín wọ aṣọ gidi, kó má fi fìlà ẹ̀yìn ẹ̀wù bo orí mọ́, kó máa tètè wọlé, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún un. Ẹni tó bá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, orúkọ náà kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ Bristol

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Aṣọ ilé ìwé lọmọ yìí wọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló sì ń wọlé. Aṣọ wo ló tún kù tó máa wọ̀?

Ẹ tún ní ilé onílé. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ilé ta ni kó pè é? Níbi tí mo wà ní Bristol, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú yìí ò gba adúláwọ̀ sí iṣẹ́ awakọ̀ àti kọ́ńdọ́kítọ̀ títí di 1963. Paul Stephenson, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, òun àtàwọn ará Jàmáíkà kan ní kí àwọn èèyàn má wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn fún bí oṣù mẹ́rin. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ilé-iṣẹ́ náà gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni òfin àkọ́kọ́ tó lòdì sí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà jáde nílẹ̀ yìí. Orí òfin yẹn àtàwọn tó tẹ̀ lé e ni Equality Act 2010 tí gbogbo wa ń sá di lónìí dúró lé.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Kì í tilẹ̀ í ṣe àwọn ará Jàmáíkà nìkan. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wá kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onílé ò fẹ́ fi yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀. Ní 1925, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, WASU. Ó gbéra padà sí ilé láti 1929 sí 1932, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gbá owó jọ, wọ́n sì ṣí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé ní Camden ní 1933. Ìwé ìròyìn wọn náà ń jẹ́ Wasu. Ẹ fi ojú Yorùbá kà á, ẹ máa rí i pé wàásù ni.

Kúnlé Òṣìṣẹ́ Ọ̀dọ́

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ náà. Mo ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ ní Manchester láti ọdún mẹ́jọ.

Àǹtí, kì í ṣe òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tú èèyàn. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ tàbí ẹrù olè ni wọ́n ń wá, òfin PACE ti 1984 ni. Tó bá jẹ́ igbó, Misuse of Drugs Act ti 1971 ni. Méjèèjì béèrè pé kí ọlọ́pàá ní ìdí gúnmọ́ tó fi fura sí ọmọ yìí gan-an. Àwọ̀ ara kì í ṣe ìdí, àdúgbò tó ń gbé kì í ṣe ìdí. Ìlànà tí College of Policing fi lélẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn sọ pé kò dára kí wọ́n tú èèyàn nítorí òórùn igbó nìkan. Èyí tó yàtọ̀ ni Section 60 ti òfin 1994: ọ̀gá ọlọ́pàá lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú ẹnikẹ́ni ní àdúgbò kan fún wákàtí 24, tí wọ́n bá ń retí ìjà níbẹ̀. Ìyẹn ò nílò ìfura. Nítorí náà ohun tó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ béèrè ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin wo lẹ fi ń tú mi?"

Kó tó di pé wọ́n fọwọ́ kan àpò rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ orúkọ tàbí nọ́ńbà wọn, àgọ́ tí wọ́n ti wá, nǹkan tí wọ́n ń wá, ìdí tí wọ́n fi fura, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà ìwé. Lójú títì, kóòtù, jákẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́ nìkan ni wọ́n lè ní kó bọ́. Ẹni tó bá ń kọjá lè ya fídíò, òfin ò kọ̀ ọ́, bí kò bá ti dí wọn lọ́wọ́.

Èmi máa ń fi eré kọ́ àwọn ọmọ mi nílé. Èmi á ṣe ọlọ́pàá, màá pariwo mọ́ wọn, wọ́n á máa fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ béèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni gbogbo wa ń rín. Ẹ dán an wò, kí ẹnu ọmọ lè mọ́ ọ̀rọ̀ náà kí àyà rẹ̀ tó já.

Ìyá Fèyí

Ẹ ṣé o, Bọ̀dá Kúnlé. Mo bi í. Ó ní lẹ́ẹ̀kejì wọ́n ní kó bọ́ bàtà níwájú ilé ìtajà, gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wò ó. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gba orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Ṣé ó ṣe àṣìṣe bó ṣe sọ ọ́ fún wọn?

Kúnlé Òṣìṣẹ́ Ọ̀dọ́

Kò ṣàṣìṣe, ẹ̀rù ló bà á. Ṣùgbọ́n òfin ò fi dandan mú un láti sọ orúkọ nítorí pé wọ́n ń tú u, kó mọ̀ ọ́n fún ìgbà míì. Bàtà yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ketekete, kò sí lára ohun tí wọ́n lè ní kó bọ́ lójú gbogbo ayé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òórùn yìí kéré. Ní Hackney, ní 2020, òórùn igbó náà ni wọ́n ní àwọn gbọ́ lára ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan. Wọ́n pe ọlọ́pàá wá sílé ìwé, wọ́n bọ́ ọmọ náà síhòòhò nígbà tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, kò sí àgbàlagbà kankan tó dúró tì í, wọn ò pe ìyá rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Child Q ni wọ́n fi bo orúkọ rẹ̀. 2022 ni àbọ̀ ìwádìí jáde, ó sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú rẹ̀.

Àwọn àjọ tí mo máa ń rán àwọn òbí sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni StopWatch àti Release. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, ẹ lè gba ojú òpó IOPC, àjọ tó ń bójú tó ẹjọ́ tí wọ́n bá fi sun ọlọ́pàá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá tiyín. Bí èsì tí wọ́n fún yín ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ 28 lẹ ní láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Bọ̀dá Peckham

Nípa owó lọ́yà: Law Centre, níbi tí lọ́yà ti ń ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀kan wà ní Peckham tiwa níbí, Southwark Law Centre. Ọ̀kan wà ní Hackney, Manchester ní, Coventry àti Birmingham náà ní. Bí ìlú yín ò bá ní, ẹ lọ sí Citizens Advice, àwọn náà ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún pe EASS, 0808 800 0082, ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣàlàyé Equality Act fún ẹni tí wọ́n bá ṣe ẹ̀tanú sí, wọ́n á sì ràn yín lọ́wọ́ kọ lẹ́tà. Ìjọba ṣì máa ń sanwó lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tanú fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó. Civil Legal Advice ni kí ẹ bi.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: tó bá jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ló máa já sí lábẹ́ Equality Act, oṣù mẹ́fà dín ọjọ́ kan lẹ ní, láti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹjọ́ tí ẹ fi sun ọlọ́pàá kì í dá ọjọ́ yẹn dúró.

Nọ́ọ̀sì Bísí

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí! Ẹ jẹ́ kí n da tèmi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ni tèmi.

Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ni mo wà nígbà náà. Ọ̀gá wa kan máa ń fi gbogbo iṣẹ́ alẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ sí ọrùn àwa adúláwọ̀ mẹ́ta, ó sì máa ń sín mi jẹ bí mo bá ń sọ̀rọ̀, níwájú àwọn aláìsàn. Mo kọ ẹjọ́ sí ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní ká ní sùúrù, àwọn ń wádìí. Mo ní sùúrù. Ọmọ Yorùbá ni mí, sùúrù ò wọ́n mi. Oṣù mẹ́rin kọjá, wọ́n ní ẹjọ́ mi ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ bá lọ́yà. Arábìnrin náà wo ọjọ́ orí ìwé, ó mí kanlẹ̀. Oṣù mẹ́ta dín ọjọ́ kan ni òfin fún mi láti gbé e lọ sí Employment Tribunal, ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìwádìí inú ilé-iṣẹ́ kì í dá aago yẹn dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni kí èèyàn kọ́kọ́ pe ACAS, àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ parí ìjà, fún ìlàjà. Ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni kí ẹ tó lè pe ẹjọ́ rárá. Mi ò mọ̀. Ìwé mi pé, ẹlẹ́rìí mi wà, ọjọ́ ló pa mí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá ilé-iṣẹ́ yín sọ ọ́ nínú ilé, ẹ ṣàmì sí kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì dáhùn, ẹ pe ACAS. Tribunal fúnra rẹ̀ ò gba owó ìwé mọ́ láti 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON borí ìjọba ní Supreme Court. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀ ọ́ kí ìjà tó dé, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ kí èèyàn tó wọlé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú_kíà

Àǹtí Bísí, àwa tá a wà lórí físà tí ilé-iṣẹ́ fi mú wa wá ńkọ́? Ọ̀gá mi sọ ọ́ sí mi létí pé bí mo bá dá ẹnu lé e, òun á fagi lé ìwé mi.

Nọ́ọ̀sì Bísí

Àbúrò, Equality Act ò bi ẹ́ irú físà tí o gbé dání. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ẹ, bí wọ́n bá yọwọ́ nínú ìwé ẹ, Home Office sábà máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 60 péré láti wá ilé-iṣẹ́ míì. Lọ bá Work Rights Centre kí o tó sọ ohunkóhun fún ọ̀gá. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ti físà pa pọ̀. Bó bá gba páásípọ́ọ̀tù ẹ tàbí ó ń yọ nínú owó ẹ, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, Modern Slavery Helpline ni kí o pè. Jọ̀ọ́, má lọ bá àwọn ejẹ́ǹtì orí WhatsApp. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, tí kì í ṣe lọ́yà, ọ̀daràn ni òfin pè é bó bá ń gbani nímọ̀ràn lórí físà, ì báà jẹ́ díkọ́nì ṣọ́ọ̀ṣì yín.

Tíṣà Láídé

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún Ìyá Fèyí lórí ilé ìwé. Nígbà míì ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá máa ń tẹ̀ lé ọmọ wọ kíláàsì. Bí ilé ìwé bá pè yín pé "ẹ mú un lọ sílé kó lọ fara balẹ̀", ẹ béèrè lẹ́tà. Láìsí lẹ́tà, kò bófin mu, wọn ò gbọdọ̀ lé ọmọ sílé láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì rọ̀ yín pé ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ fẹ́ máa kọ́ ọ nílé, kí orúkọ rẹ̀ má bàa bà jẹ́, ẹ má fọwọ́ sí i! Ẹ óò fi ọwọ́ ara yín yọ ọ́ kúrò nílé ìwé ni. Bí wọ́n bá lé e pátápátá, ìgbìmọ̀ ilé ìwé gbọ́dọ̀ jókòó lé e láàárín ọjọ́ ilé ìwé 15. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí lílé náà, ọjọ́ ilé ìwé 15 míì lẹ ní láti béèrè ìgbìmọ̀ aládàáni. Just for Kids Law mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ti England ni mo sọ o, Scotland ní ìlànà tirẹ̀.

Mọ̀mí Ìbejì

Irun ńkọ́? Wọ́n ní dídì tí mo di irun àwọn ìbejì mi "kò bá ilé ìwé mu".

Tíṣà Láídé

EHRC, àjọ tó ń rí sí Equality Act, gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2022. Dídì, kíkó àti irun wa bó ṣe hù, òfin lè dáàbò bò wọ́n gbogbo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú un dání lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì kà á.

Alàgbà Luton

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti àná.

Mo ní mo ti wà ńbí láti 1979. Ohun tí mi ò sọ ni pé ní 1980, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, mo dúró de bọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé mi. Wọ́n ní mo ń wo àpò obìnrin kan. Sus là ń pe òfin náà nígbà yẹn, inú òfin ọdún 1824 ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọlọ́pàá méjì tí wọ́n bá ti ní àwọn fura sí ẹ, ó tán. Mo sùn sọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n máa lọ, mi ò sì bá iṣẹ́ mi mọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Ìyàwó mi mọ̀. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ dòní, ọ̀kan nínú wọn ti di ẹni àádọ́ta ọdún ó dín mẹ́ta.

Lákòókò yẹn, àwọn ìyá adúláwọ̀ kan wà ní Lewisham, Mavis Best wà nínú àwọn tó ṣíwájú wọn. Wọ́n máa ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ dúró pé àwọn ò ní lọ àfi tí wọ́n bá fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Àwa tá a ní iṣẹ́ lọ́wọ́, aláriwo là ń pè wọ́n. 1981 ni wọ́n fagi lé òfin náà. Àdúrà tí mò ń sọ yẹn, èmi náà gbà á, ṣùgbọ́n àwọn aláriwo ló lọ dúró níbẹ̀.

Ìyá Fèyí, mo ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ tí ẹ máa lọ rí wọn, ẹ sọ fún mi, màá wọ ọkọ̀ ojúurin wá. Àgbàlagbà kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín, wọ́n á fara balẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ Bristol

Bàbá. Ẹ ṣé. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Ìyá Fèyí

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó padà wá. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì ti dé. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn ò rí i. "Òórùn igbó" ló wà nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Bàtà ò sí nínú rẹ̀ rárá. Wọ́n ti dáhùn pé àwọn máa tọ́jú fídíò. Citizens Advice ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀, màá ti ibi iṣẹ́ kọjá síbẹ̀.

Mo ń ka gbogbo èyí sí ọmọ mi létí, kò dáhùn. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá kọ, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun béèrè bóyá Bàbá lè wá lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ṣé yóò ṣeé ṣe, sà? Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ni màá sè, tí ẹ bá lè jẹ ata.

Alàgbà Luton

Mo lè jẹ ata. Ẹ fi orúkọ ibùdókọ̀ ojúurin yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.